Lẹ́tà Kan fún Ẹgbẹ̀rún Ènìyàn

Ní ayé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, akéde ni yóò ké sí. Akéde a mú agogo rẹ̀ lọ́wọ́, a sì máa lù ú láti àdúgbò dé àdúgbò títí tọmọdé tàgbà yóò fi gbọ́. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni a gbé lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí ẹni tí ó fẹ́ bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ má baà kọ lẹ́tà kan náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ jọ sí ojú kan, tí lẹ́tà kan ṣoṣo sì ń tọ gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ìtọ́jú orúkọ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé tàbí tí ó bá fẹ́ jáde ní láti kọ̀wé sí olùtọ́jú, kí ó sì dúró títí ọwọ́ onítọ̀hún yóò fi dilẹ̀. Ní ọdún 1986, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Paris, Eric Thomas, ṣe LISTSERV, ètò kọ̀ǹpútà tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Majordomo tí Brent Chapman ṣe tẹ̀lé e ní ọdún 1992. Lẹ́yìn náà ni John Viega ṣe Mailman, kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Dave Matthews Band lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orin ni ó bí i, ṣùgbọ́n ó ti di ohun èlò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ẹgbẹ́ onímọ̀ káàkiri ayé, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tí ó fẹ́ gbé Mailman kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ìfìwéránṣẹ́ tí ó ń lo Linux gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Postfix, tí Wietse Venema fi fún aráyé ní ọdún 1998, ni ó ń gbé lẹ́tà wọlé, tí ó sì ń gbé e jáde. Mailman ní tirẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí lẹ́tà bá dé ẹnu ọ̀nà, Postfix yóò wo àdírẹ́sì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, yóò fà á lé Mailman lọ́wọ́. Mailman yóò wò ó bóyá ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, yóò ṣí ìwé orúkọ, yóò sì dá lẹ́tà náà padà fún Postfix láti pín in. Mailman 3, tí ó jáde ní ọdún 2015, ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí mú, nítorí pé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ dúró lórí Python 2, èdè kọ̀ǹpútà tí a ti dẹ́kun àtitọ́jú rẹ̀ láti ọdún 2020. Mailman 3 a máa kọ gbogbo àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sínú ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ postfix_lmtp. Bí olùtọ́jú bá gbàgbé láti júwe ìwé yìí fún Postfix nínú main.cf, gbogbo lẹ́tà ẹgbẹ́ ni Postfix yóò dá padà pé òun kò mọ ẹni tí ó ni wọ́n.

Ó tún kù kí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ilé kọ̀ǹpútà náà. Nínú ìwé orúkọ ńlá tí à ń pè ní DNS, a óò kọ MX, tí ó ń sọ ibi tí lẹ́tà yóò máa wọlé sí. A óò sì rí i pé nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà ń tọ́ka padà sí orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé lẹ́tà kì í gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ àti ilé rẹ̀ kò bára mu.

Ènìyàn burúkú lè fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀, kí lẹ́tà lè bo onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni Mailman fi ń kọ́kọ́ kọ̀wé bi olúwa rẹ̀ bóyá òun ni ó béèrè. Bí kò bá dáhùn, kò ní wọ ẹgbẹ́. Olùtọ́jú tí ó bá pa ìbéèrè yìí tì nítorí ìkánjú kò ṣe dáadáa rárá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014 kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ olùtọ́jú. Àwọn ọ̀daràn ń fi orúkọ àwọn oníbàárà Yahoo kọ lẹ́tà èké, Yahoo sì pàṣẹ nípa ìlànà DMARC pé kí àwọn ilé lẹ́tà yòókù kọ lẹ́tà yòówù tí ó bá ń jẹ́ orúkọ òun láìní ẹ̀rí. Àṣẹ náà dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó ń lo Yahoo bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ rẹ̀, Mailman a máa fi orúkọ ẹgbẹ́ kún orí lẹ́tà náà, a sì máa fi ìlà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àfikún wọ̀nyí ba òǹtẹ̀ Yahoo jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí ó gbé e lọ kì í ṣe ti Yahoo. Ilé lẹ́tà tí ó yẹ kí ó gbà á rò pé èké ni, ó sì dá a padà. Mailman, ẹ̀wẹ̀, a máa ka lẹ́tà tí ó padà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí lọ́rùn, nítorí ó gbà pé àdírẹ́sì onítọ̀hún ti kú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a kò sì yí ìlànà rẹ̀ padà, kò ní fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i mọ́. Báyìí ni àwọn tí kò lo Yahoo rárá, tí wọn kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, fi di ẹni tí a dákẹ́ sí láàrin ẹgbẹ́ wọn.

Àtúnṣe tí a rí ni pé kí Mailman fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ dípò ti ẹni tí ó kọ lẹ́tà, kí orúkọ ẹni náà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tiwọn, ó dà bí ìgbà tí akéde sọ ọ̀rọ̀ ọba di tirẹ̀. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ilé lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán gbogbo rẹ̀ wò, kí ó tó ké sí ẹgbẹ́ pé kí wọn wọlé.