Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ta Ló Ń Ṣòfin Oògùn, Ta Ló Sì Lè Tà Á?

Ẹni tó ń ta ọṣẹ àti mílíìkì lè rò pé kò burú kí òun fi páálí oògùn díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n òfin ò ka oògùn sí ọjà lásán.

1. Ta ló ń ṣòfin rẹ̀?
Kì í ṣe Ilé Aṣòfin Èkó ní Aláùsá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀rọ̀ oògùn àti májèlé sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan lè gba igbó láyè, kí èkejì kọ̀ ọ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀: òfin kan náà ló wà ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀jọ́. Nítorí náà, rìsíìtì owó ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún wa kì í ṣe àṣẹ láti ta oògùn.

2. Báwo ni wọ́n ṣe pín in?
(a) Èyí tí kò gba ìwé dókítà, bíi parasitámọ́ọ̀lù. Kẹ́mísìtì tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ apòògùn, PCN, lè tà á.
(b) Èyí tó gba ìwé dókítà, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọwọ́ apòògùn ló wà.
(d) Èyí tí ìjọba ń ṣọ́ gidigidi, bíi tramadol. NAFDAC ò fọwọ́ sí èyí tó ju mílígíráàmù 100 lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé.
(e) Oògùn olóró: igbó, kokéènì, heroin. Iṣẹ́ NDLEA nìyí, láti 1989. Ẹni tó bá ta kokéènì tàbí heroin lè ṣẹ̀wọ̀n gbére.

3. Níbo ni a kò ti gbọ́dọ̀ tà á?
Òfin ayédèrú oògùn kọ̀ ọ́ ní ọjà, ìsọ̀ ẹ̀bá títì, ibùdókọ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n ń polówó lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Oòrùn àti ooru a máa ba oògùn jẹ́, aláìsàn ò sì ní mọ̀. Ẹ rántí pé nọ́ńbà NAFDAC lára páálí ń sọ pé wọ́n mọ oògùn náà ni. Kò sọ pé wọ́n mọ ẹni tó ń tà á.

Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ ẹni tó yá owó ẹgbẹ́, àwọn oníduùró rẹ̀ ni gbèsè yóò kọ́kọ́ kàn. Kí ojú má rìíbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ yáwó ṣí kẹ́mísìtì, ìwé wo ló yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?