Ọ̀dà ara àpótí iná

Ìbéèrè: Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Ifangni. Gland ni mo fi de kéébù onírin mọ́ àpótí irin. Ṣé ó tó láti so irin kéébù náà mọ́ ilẹ̀?

Ìdáhùn: Kò tó, ọ̀gá. Ọ̀dà ara àpótí kì í jẹ́ kí irin kan irin. Ẹ ha á kúrò níbi tí gland máa jókòó sí, ẹ fi òrùka idẹ tó létí há abẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò so etí náà mọ́ ibi tí àwọn wáyà ilẹ̀ ti pàdé nínú àpótí. Ilẹ̀kùn náà ń fẹ́ wáyà tirẹ̀; híńjì kò ṣeé gbára lé. Bí disjoncteur différentiel ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ 500 mA, tí ilé sì ní ọ̀pá ilẹ̀ tirẹ̀, ẹ wọn ọ̀pá náà: kò gbọdọ̀ ju 100 ohm lọ.