Àbẹ̀wò Ìjọba sí Ibi Tí Kẹ́míkà Eléwu Wà: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú West ní Texas

Kíláàsì: SS 2
Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ojúṣe ọmọ ìlú, pẹ̀lú kẹ́mísìrì díẹ̀
Àkókò: Pírọ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀ léra

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá fi máa parí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò nínú ilé iṣẹ́ tó ń lo kẹ́míkà. Ó sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ilé iṣẹ́ kan tí àjọ ìjọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti bu owó ìtanràn lé fi tún bú gbàmù. Bí àkókò bá kúrú, ẹ fo ibòmíràn, ẹ má fo ìdí yìí.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀

Gbogbo ọmọ ló mọ wolé-wolé. Ẹ bi wọ́n pé kí ló máa ń wò tó bá wọ agbo ilé. Wọn yóò dárúkọ ṣáláńgá, gọ́tà, ààtàn àti àmù omi. Ẹ wá bi wọ́n pé: bí ó bá wo gọ́tà nìkan, tí kò ṣí ìdérí àmù tí tanwíji kún inú rẹ̀, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti wo ilé náà, ṣé òótọ́ ló kọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀.

Ohun èlò

Máàpù Amẹ́ríkà, àti ajílẹ̀ NPK díẹ̀ nínú ìgò tí a dé pa, kí wọ́n lè rí bí hóró ajílẹ̀ ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti sun ún.

Ilé iṣẹ́ náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Ìlú kékeré ni West, láàárín gbùngbùn Texas. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ilé ìtajà ajílẹ̀ kan ti wà níbẹ̀, West Fertilizer Company. Pápá ló yí i ká nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ìlú fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Oríṣi ọjà méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni ámóníà, gáàsì tí wọ́n rọ sínú táńkì. Ó máa ń ta èèyàn nímú, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ó léwu. Èkejì ni ámóníọ́mù náítíréètì, hóró funfun tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko. Òun kì í rùn, kì í ta èèyàn lójú. Inú àpótí ńlá onípákó ni wọ́n dà á sí, nínú ilé onípákó, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń da omi lu iná níbẹ̀.

Ẹ dúró ṣàlàyé níbí. Ámóníọ́mù náítíréètì fúnra rẹ̀ kọ́ ni igi ìdáná. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún iná ní ọ́síjìn. Bí ó bá wà níbi tó tutù, tó mọ́, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àmọ́ bí ooru ńlá bá mú un, tó yọ́, tí èédú tàbí nǹkan mìíràn tó lè jó sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ó lè bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Texas gan-an ti rí i rí: ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1947, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń kó o sí ní èbúté Texas City bú, ó sì pa èèyàn tó lé ní 500.

Alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, ọdún 2013

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, wọ́n pe àwọn panápaná pé iná ti ń jó níbẹ̀. Àwọn aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, wọn kì í gba owó oṣù. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ajílẹ̀ náà bú. Ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù ló bú. Èèyàn 15 kú. 12 nínú wọn ló jẹ́ àwọn tó sáré wá pa iná. Èèyàn tó lé ní 200 fara pa. Ilé ìwé tó wà nítòsí bàjẹ́ gidigidi, ilé àwọn arúgbó náà kò sì ṣeé gbé mọ́. Ká ní ọ̀sán ni, àwọn ọmọdé ì bá wà nínú kíláàsì. Ẹ rọra sọ ibí yìí fún wọn, kí ẹ sì fún wọn láyè kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ti lọ wò ó

Èèyàn lè rò pé ìjọba kò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n dé ibẹ̀.

Lọ́dún 1985, OSHA, àjọ tó ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́ náà. Ó bá àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ámóníà, ó sì bu ìtanràn dọ́là 30 lé wọn. OSHA kò padà débẹ̀ mọ́ títí ó fi bú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún àbẹ̀wò yẹn ti pé ẹni ọdún 28. Lọ́dún 2006, EPA, àjọ àyíká, gba dọ́là 2,300 lọ́wọ́ wọn nítorí ìwé ètò ìdènà ewu tí wọn kò ṣe bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2012, àjọ tó ń rí sí gbígbé ẹrù eléwu kiri gba dọ́là 5,250, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò ámóníà tí wọ́n ń gbé.

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àwọn ọdún yìí sójú pátákó, kí ó kọ orúkọ kẹ́míkà tí ẹ̀sùn dá lé síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ámóníà ni yóò máa kọ. Òórùn rẹ̀ ni aládùúgbò gbọ́ tó fi fẹjọ́ sùn, òun ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin EPA. Ajílẹ̀ funfun tó wà nínú àpótí pákó kò sí nínú ìwé yẹn. Nínú ètò tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí EPA, wọ́n ní ohun tó lè burú jù ni kí gáàsì jò jáde. Wọn kò retí iná, wọn kò retí kí nǹkan bú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìjọba ní àkọsílẹ̀ ajílẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ náà ti sọ fún ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ kan pé òun ní 270 tọ́ọ̀nù rẹ̀ nípamọ́ lọ́dún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ kẹ́míkà tí àwọn ọ̀daràn lè fi ṣe bọ́ǹbù nígbà náà, tí òfin ìgbà yẹn ní kí ẹni tó bá ní púpọ̀ rẹ̀ fi tó létí, kò gbọ́ nǹkan kan. Iye náà wà nínú fáìlì ibì kan, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ì bá béèrè.

Lọ́dún 2016, ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí iná àti ohun tó ń bú, kéde pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná náà. CSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá kẹ́míkà, kò fìdí ohun tó dá iná múlẹ̀. Lójú tèmi, ọwọ́ yòówù tó dáná, àpótí pákó ló sọ iná di ikú.

Ohun tó yí padà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Ààrẹ Obama pàṣẹ kí àwọn àjọ wọ̀nyí máa fi ohun tí wọ́n mọ̀ han ara wọn. Lọ́dún 2015, Texas ṣòfin pé nǹkan tó lè jó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ajílẹ̀ yìí ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì fún ọ̀gá panápaná láṣẹ láti wọlé lọ wò ó.

Bí àbẹ̀wò gidi ṣe ń lọ

Ìwé ọjà ni olùbẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè: kí lẹ ní, èló ni? Yóò wá fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wò ó bóyá ohun tó wà nílẹ̀ bá ìwé mu. Kí ni wọ́n fi mọ ògiri? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí iná bá sọ, ṣé àwọn panápaná mọ̀ pé sísá sẹ́yìn ni kí wọ́n ṣe? Ta ló ń sùn lódìkejì òpópónà? Lẹ́yìn èyí, yóò padà wá wò ó bóyá wọ́n ṣe àtúnṣe.

Nílé níbí

Òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún olùbẹ̀wò ìjọba láṣẹ láti wọlé lọ́sàn-án tàbí lóru, NESREA sì ti ń ṣọ́ àyíká láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n ohun tó bú ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, inú ilé gbígbé ló wà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o síbẹ̀. Kò sí olùbẹ̀wò tó máa kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bí aládùúgbò kò bá sọ.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ilé onípákó fi burú fún ámóníọ́mù náítíréètì?
2. Àwọn àjọ tó bu ìtanràn lé ilé iṣẹ́ náà, kí ni wọn kò wò? Kí ló fà á?
3. Ṣé ìtanràn dọ́là 30 lè mú ilé iṣẹ́ ṣàtúnṣe? Sọ èrò rẹ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kí ìwọ àti òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ bá ẹnì kan tó ń ta ajílẹ̀, bẹntiróò tàbí oògùn apakòkòrò. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó ọjà sí, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò ó kẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kan ọjà, ẹ má sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ewé kan, lọ́jọ́ Ajé.