Ṣé Ó Ń Jò Ni, Àbí Ó Ń Jó?

Lọ́dún tó kọjá, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí mò ń wà kú sí mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mẹkáníìkì mi: "Oga, moto mi n jo. E tete maa bo." N kò fi àmì ohùn kankan sí i. Kò pẹ́ rárá tí fóònù fi dún, tí ọ̀gbẹ́ni náà ń pariwo: "Bàbá, ṣé ẹ ti bọ́ sílẹ̀? Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i o!" Iná ló rò pé mò ń sọ. Omi lèmi ń wí.

Bí ohun tó wà nínú nǹkan bá rí ọ̀nà jáde ni a ń sọ pé nǹkan náà ń jò. Òrùlé ń jò, garawa ń jò, rédíétọ̀ náà ń jò. Jó ní tirẹ̀, iná ló ni ín (ẹni tó wà lóde àríyá náà ń jó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀). Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá gbóná kọjá ààlà, àwọn mẹkáníìkì á ní, "Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó." Bó bá sì ti jó tán, omi lè máa jò wọnú ọ́ìlì. Ẹ ó fa gééjì ọ́ìlì yọ, ẹ ó bá a tó dà bíi tíì oní-mílíìkì, èéfín funfun á sì máa rú láti ìdí sàláńsà. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ láìṣì pé gásíkẹ́ẹ̀tì jó, omi wá ń jò, kò ní da mẹkáníìkì rẹ̀ lọ́kàn rú.

Jò fúnra rẹ̀ ṣì gbòòrò jù. Bí omi bá ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó, tó, tó, ó ń kán ni. Bí hóòsì bá bẹ́, omi tú yàà, ìyẹn kò nílò àlàyé. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni èyí tó ń sun: kò kán, kò tú, kìkì pé ojú ibẹ̀ ń rin, tí ipa rẹ̀ sì ń gbẹ mọ́ ọrùn hóòsì tàbí ìdí wọ́tà pọ́ńpù. Láti ara sun yìí ni a ti ní orísun. Ohùn kan náà ló ní pẹ̀lú èyí tí a fi ń sun iṣu, nítorí náà àmì kò lè yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ló ń yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù ní ọgbà mẹkáníìkì ni "Ọkọ̀ mi ń gbóná." Ọkọ̀ wo ni kì í gbóná? Tọ́mósítáàtì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í tilẹ̀ ṣí fún omi láti kọjá sí rédíétọ̀ àfi bí ooru bá tó nǹkan bíi 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Gbígbóná kọ́ ni àrùn, híhó ni. Omi inú ìkòkò máa ń hó bó bá dé 100, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ tiẹ̀ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó hó lásìkò yẹn. Bí ẹ bá ṣí ìdérí náà nígbà tó ṣì gbóná, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò hó lù yín lójú.

Ẹ tún sọ fún mẹkáníìkì ìgbà tó máa ń hó. Bó bá jẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nìkan ni, ẹ kọ́kọ́ fura sí fáànù, torí pé lórí ìrìn, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ lórí eré tàbí lórí òkè ni, ó ṣeé ṣe kí inú rédíétọ̀ ti dí. Àwọn mìíràn á kàn yọ tọ́mósítáàtì jù sígbó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ṣìkágò náà ní píkọ́ọ̀pù tó ti gbó, hítà sì ni ẹjọ́ tirẹ̀. A ní ẹ̀rọ amúlétutù lédè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kì í ṣe ilé. Hítà ṣì ń jẹ́ hítà lẹ́nu gbogbo wa. Kò ní iná tirẹ̀. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń yá lò, bí arúgbó ṣe ń yáná. Ẹ̀gbọ́n ní, "Kò ṣiṣẹ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó tutù ni, àbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?" Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ gééjì ooru kò sì gòkè, tọ́mósítáàtì ló ṣí sílẹ̀ tí kò pa dé mọ́. Bó bá tutù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná janjan, omi ti lọ sílẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ tí mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mẹkáníìkì tèmi gun ọ̀kadà dé, garawa yẹ̀pẹ̀ lórí itan. Kílíìpù hóòsì ìsàlẹ̀ ló dẹ̀; ó yí i le. A dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, a da yẹ̀pẹ̀ nù, a fi garawa náà bu omi, a sì rọ ọ́ sí rédíétọ̀.