Fáírọ́ọ̀sì: Ṣé Abẹ̀mí Ni, Ṣé A sì Jẹ Ẹ́ ní Gbèsè Àánú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, a mọ̀ pé ẹ kò tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nípa ohun abẹ̀mí: a máa rìn, a máa mí, a máa jẹun, a máa mọ nǹkan lára, a máa dàgbà, a máa ya ẹ̀gbin, a sì máa bí irú tirẹ̀. Gbogbo wa la kọ́ ọ sórí. Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà lónìí rò pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ mọ́, títí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi dìde tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí fáírọ́ọ̀sì bá lẹ́mìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti pa á run tán?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí ṣáájú, nítorí kòkòrò ni a ń pe ohun tó ń fa àrùn, bí a ti ń pe tata àti eèrà. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kì í jẹun, kì í mí, kì í dàgbà. Kò ju àkọsílẹ̀ bí a ó ṣe ṣe irú rẹ̀ lọ, tí a fi purotéènì bò. Lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn, bí òkúta ló rí. Ìgbà tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ni yóò gba òfì mọ́ onílé lọ́wọ́, tí yóò máa fi hun aṣọ tirẹ̀. Ní 1935, Wendell Stanley, ará Amẹ́ríkà, sọ fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé tábà jẹ́ di hóró dídán bí iyọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí hóró náà kan ewé tábà, ewé náà ṣàìsàn. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ni ó gbà lórí iṣẹ́ yìí ní 1946, kì í ṣe ti ìṣègùn.

Àwọn onímọ̀ kò tíì parí àríyànjiyàn náà, nítorí fáírọ́ọ̀sì ń yí padà láti ìran dé ìran bí ohun abẹ̀mí. Lójú tiwa, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ewúro lẹ́mìí, a sì ń já a láìtọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ń na ewúrẹ́ ṣeré, a ó bá a wí, nítorí ewúrẹ́ ń jẹ̀rora. Ìwé Mímọ́ pàápàá fẹ́ kí olódodo máa ro ti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ohun tí yóò fi mọ ìrora. Bó tilẹ̀ jẹ́ abẹ̀mí, a kò lè ṣe é níkà.

Síbẹ̀ ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àwọn ìjọba àgbáyé ti ń fà á láti ọdún pípẹ́ lórí Ṣànpọ̀nná, àrùn tí àwọn baba wa kò jẹ́ pè lórúkọ, tí wọ́n ń wí pé Olóde. Somalia ni ẹni ìkẹyìn tó kó o láwùjọ ti kó o, ní 1977. Ní 1978, obìnrin ayàwòrán kan kó o ní Birmingham, nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀, ó sì kú. Ní oṣù Karùn-ún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tọ́jú fáírọ́ọ̀sì náà sínú yìnyín níbi méjì: Atlanta ní Amẹ́ríkà àti Koltsovo ní Rọ́ṣíà. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò pa á run, wọ́n sún un síwájú. 1999 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn kan ní ó wúlò fún ìwádìí oògùn. Àwọn mìíràn ní ènìyàn kò láṣẹ láti mọ̀ọ́mọ̀ pa irú kan rẹ́ kúrò láyé.

A kò gba ti àwọn ìkẹyìn yìí. Àwọn ènìyàn ni a jẹ ní gbèsè. Ẹ̀yin òbí tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ wo apá yín: àpá àjẹsára Ṣànpọ̀nná lè wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín kò ní in (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni tiwọn), nítorí wọ́n ti ṣíwọ́ gígún un. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá já, ara wọn ni yóò bá láìlábò. Nítorí èyí, àwọn kan nínú àwa olùkọ́ ní kí wọ́n sun ún lọ́la. Àwọn yòókù ní kí a dúró títí oògùn tó dájú yóò fi pọ̀ tó. A sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí fáírọ́ọ̀sì. Lórí èyí tó kù, a ṣì ń bá ara wa jiyàn.