Ẹja Onílé àti Ẹja Àlejò: Giwan Ruwa ní Adágún Victoria

Ẹja onílé ni ẹja tí ó ti wà nínú omi kan láti ayébáyé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e débẹ̀. Ẹja àlejò ni èyí tí ènìyàn kó láti inú omi mìíràn wá. Ẹja kan náà lè jẹ́ onílé níhìn-ín, kí ó jẹ́ àlejò lọ́hùn-ún. Ní Áfíríkà, kò sí ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó Nile perch, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa.

Giwan ruwa lè gùn tó mítà méjì, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè tó 200 kílò. Ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò. Ẹ̀gún mímú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ní lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì lè ya ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Ẹja ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ, kò yọ ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ onílé ní Odò Ọya, ní odò Náílì, ní odò Sẹ̀nẹ̀gà àti ní Adágún Chad. Nínú àwọn omi wọ̀nyí, àwọn ẹja yòókù ti ń bá a gbé tipẹ́tipẹ́. Èyí tí kò mọ bí a ti í sá fún un ti tán níbẹ̀ kí a tó dáyé.

Ẹja yìí ni àwọn tí ń pẹja fún ìdíje àti fàájì ń wá kiri. Ní Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, ọdún ẹja pípa ti wà láti 1934. Àwọn apẹja a fò sínú odò Matan Fada pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù lọ ni ó sì ń gbégbá orókè. Ní 2005, ẹja tí ó borí wúwo tó 75 kílò.

Ní Ùgáńdà, ìwọ̀ ni wọ́n ń lò. Àwọn apẹja máa ń dúró sórí àpáta ní ìsàlẹ̀ Murchison Falls, níbi tí odò Náílì ti ń já bọ́ láti òkè tí ó ga ju 40 mítà lọ. Bí giwan ruwa bá gbé ìdẹ mì, okùn á le gbọnrangandan. Ẹja á fò jáde lójú omi, á máa gbọn orí kí ìwọ̀ lè tú lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ wọn á dá a padà sómi. Ẹja ńlá kò ṣe é fi àgbọ̀n gbé kọ́, nítorí ìwúwo ara rẹ̀ lè ṣe é léṣe. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ á fi ọwọ́ gbé ikùn rẹ̀ nínú omi títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Ní Adágún Nasser ní Íjíbítì, ìwọ̀ ti mú giwan ruwa tí ó wúwo ju 100 kílò lọ.

Omi tí ń já ní Murchison yìí kan náà ni kò jẹ́ kí giwan ruwa lè gòkè dé Adágún Victoria. Adágún náà ni ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Tàǹsáníà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà ni wọ́n jọ pín in. Ẹja kéékèèké tí í ṣe ìbátan ẹpìyà ni ó kún inú rẹ̀. Furu ni wọ́n ń pè é ní Tàǹsáníà, nkejje ni ní Buganda, ní Ùgáńdà. Ẹ̀yà rẹ̀ ju 500 lọ. Òmíràn ń jẹ ewé wẹ́wẹ́ inú omi, òmíràn ń fọ́ ìgbín omi jẹ, òmíràn ń jẹ ọmọ ẹja mìíràn. Ìyá furu a máa tọ́jú ẹyin sínú ẹnu rẹ̀ títí wọn yóò fi pa, nítorí náà ẹyin tí ó ń yé kì í pọ̀. Àwọn obìnrin etí omi a sá furu sóòrùn, wọn á tà á lọ́jà, wọn á sì fi bọ́ ọmọdé.

Lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, furu kéré, egungun rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n fẹ́ ẹja ńlá tí yóò sọ furu di ẹran ara, tí àwọn afìwọ̀pẹja pẹ̀lú yóò gbádùn. Ní nǹkan bí 1954, wọ́n ti kó giwan ruwa dé adágún náà. Ní 1960, onímọ̀ ẹja Geoffrey Fryer kọ̀wé tako ètò náà. Síbẹ̀, ní 1962 àti 1963, wọ́n tún kó púpọ̀ sí i wá ní gbangba. Ìkìlọ̀ tó yẹ kí a gbọ́ ni, ó sì dunni pé a kò gbọ́ ọ.

Fún nǹkan bí ogún ọdún, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, giwan ruwa gba gbogbo adágún náà. Abo ńlá kan lè yé ẹyin tó mílíọ̀nù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Furu tí ń fi ẹnu tọ́ ẹyin díẹ̀ kò lè bá a dọ́gba. Furu tí ó ti tó ìdá 80 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ẹja inú adágún wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìdá kan. A gbà pé nǹkan bí 200 ẹ̀yà ni ó pòórá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti giwan ruwa nìkan: ìdọ̀tí láti ìlú àti oko ti sọ omi náà di aláwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ sì ń ṣọ̀wọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹpìyà odò Náílì, tí òun náà jẹ́ àlejò, tún gba ipò ngege, ẹpìyà onílé tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù.

Owó wọlé, èyí kò ṣe é sẹ́. Ilé iṣẹ́ dìde létí omi, wọ́n ń gé giwan ruwa, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja náà, tí wọ́n ń sá gbẹ fún àwọn ará Ṣáínà, wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ẹja náà lọ́ràá, oòrùn nìkan kò lè gbẹ ẹ. Iná ni a fi ń yan án, igi ni a sì ń gé dá iná náà. Àwọn obìnrin tí ń ta furu pàdánù ọjà wọn, torí ilé iṣẹ́ ní owó láti ra ẹja ńlá jù wọ́n lọ.

Láti àwọn ọdún 1990, bí àwọ̀n ti ń dín giwan ruwa kù, àwọn ẹ̀yà furu kan padà yọjú. Dagaa, ẹja onílé tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wá pọ̀ nínú ohun tí àwọn apẹja ń kó. Giwan ruwa kò ṣe é kó kúrò mọ́, oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe òfin láti dáàbò bò ó: èyí tí gígùn rẹ̀ wà láàárín 50 sí 85 sẹ̀ǹtímítà ni òfin náà kọ́kọ́ gbà kí a pa. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó kéré sí i ni kò tíì yé ẹyin rí. Èyí tí ó tóbi jù ú lọ ni abo tí ẹyin rẹ̀ pọ̀ jù.