Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Àìsàn Wà Nínú Ògbólógbòó Ọkọ̀ Oko Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ń Fà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe nípa ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó fúnra wọn, bí kò ṣe nípa ọkọ̀ tí ń kó wọn jáde láti inú oko. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko tí ó wà ní ìhà Ifọ́n, Ùtè àti Òkèlùsé kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré lè gbà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni ó lè là á kọjá, irú bí Land Rover, tí a kọ́kọ́ fi han aráyé ní ìlú Amsterdam ní ọdún 1948, tàbí Land Cruiser àti Hilux ti ilé iṣẹ́ Toyota. Èyí tí apá ẹgbẹ́ sì sábà máa ń ká láti rà ni èyí tí ó ti gbó. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de mẹkáníìkì. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Bí ọkọ̀ kan bá dá dúró ní agbede méjì ọ̀nà, owó ọ̀pọ̀ ilé ni ó bá a dúró.

A kò fẹ́ sọ yín di mẹkáníìkì. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ lè sọ fún mẹkáníìkì pé, "Ìhà ibí yìí ni àìsàn náà wà," kí ẹgbẹ́ má baà san owó gíábọ́ọ̀sì odidi nígbà tí ó jẹ́ pé kírọ́ọ̀sì kékeré kan ni ó jẹ.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ọ̀dọ̀ táyà

Láti inú ẹ́ńjìnì, agbára gba ara kílọ́ọ̀ṣì wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì yìí ni òmíràn wà, èyí tí a óò máa pè ní gíábọ́ọ̀sì kejì nínú ẹ̀kọ́ yìí. Òun ni ó ń pín agbára sí iwájú àti sí ẹ̀yìn, òun náà ni ó sì ní gíà alágbára tí a fi ń gun òkè. Pòpẹ́là méjì ni ó jáde láti ara rẹ̀, ọ̀kan lọ sí iwájú, èkejì lọ sí ẹ̀yìn. Ní ìkángun pòpẹ́là kọ̀ọ̀kan ni kírọ́ọ̀sì wà, irin kékeré tí ó rí bí àgbélébùú, tí ó ń jẹ́ kí pòpẹ́là lè máa yí bí ásù tilẹ̀ ń lọ sókè sódò nínú kòtò. Pòpẹ́là ni ó ń yí eyín inú dífù, ìyẹn ikùn rìbìtì tí ẹ ń rí lára ásù. Dífù ń yí ṣáàfù méjì, ṣáàfù sì ń yí táyà. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn yìí lè fi ìbéèrè díẹ̀ mọ ibi tí okùn ti já.

Ìkìlọ̀ kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Lára Land Rover àtijọ́, bíréèkì ọwọ́ kò sí lára táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì kejì, ní ìdí pòpẹ́là ẹ̀yìn, ni ó wà. Pòpẹ́là ni ó ń dì mú. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, dífù lè jẹ́ kí táyà tí ó wà lókè yí sí ìhà kan, kí èyí tí ó wà nílẹ̀ sì yí sí ìhà kejì. Ọkọ̀ yóò sì yọ́ bọ́ lórí jáàkì bí ẹ tilẹ̀ ti fa bíréèkì ọwọ́ dópin. Bákan náà ni bí ṣáàfù ẹ̀yìn kan bá ti ṣẹ́, tàbí bí a bá ti tú pòpẹ́là ẹ̀yìn kúrò: bíréèkì ọwọ́ kò ní agbára mọ́, àfi bí a bá ti so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù kòkó nínú rẹ̀ fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu.

Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi igi ńlá tàbí òkúta há iwájú àti ẹ̀yìn àwọn táyà tí ó wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nítorí pòpẹ́là tí ń yí lè fa aṣọ mọ́ra kí onítọ̀hún tó ké.

Ẹ fi etí sílẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ óò bi awakọ̀ ni èyí: nígbà wo ni ariwo náà ń dún? Bí ó bá ń dún "kò" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tàbí nígbà tí a bá yí láti iwájú sí ẹ̀yìn, àlàfo ti wà níbi kan láàárín gíábọ́ọ̀sì àti táyà. Kírọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Nígbà tí ẹ bá ti há táyà dáadáa, ẹ fi ọwọ́ kan di pòpẹ́là mú, ẹ fi èkejì di irin tí ó wà ní òdìkejì kírọ́ọ̀sì mú, kí ẹ sì lọ́ wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń mì, kírọ́ọ̀sì náà ti jẹ. Bí kò bá mì, tí ó jẹ́ pé pòpẹ́là lódindi ni ó ń yí díẹ̀ kí ó tó kan eyín inú dífù, ìhà dífù ni kí mẹkáníìkì wò. Àlàfo kékeré nínú dífù àtijọ́ kì í ṣe àìsàn. Ẹ má ṣe tú u nítorí ìyẹn nìkan.

Kírọ́ọ̀sì tí kò rí gíríìsì máa ń ké fín-ín fín-ín bí eku nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, bí táyà bá sì ṣe ń yára ni igbe náà ń yára. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí ìgbọ̀n náà sì ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń sáré tó, ẹ wò ó bóyá amọ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ara pòpẹ́là tàbí inú àgbá táyà, tàbí bóyá pòpẹ́là ti tẹ̀. Bí ìgbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fa pòpẹ́là yọ sí méjì, kí wọ́n sì dá a padà láìwo àmì rẹ̀. Àwọn ọwọ́ irin tí ó wà ní ìkángun méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ ojú sí ọ̀nà kan náà. Àtúnṣe yìí kò gba ohun èlò tuntun kankan.

Nípa ariwo tí ń hu láìdáwọ́dúró, ẹ dán an wò báyìí. Bí ó bá ń yí padà bí a ti ń pààrọ̀ gíà, tí ó sì rọlẹ̀ nígbà tí a bá wọ gíà kẹrin lára Land Rover àtijọ́, inú gíábọ́ọ̀sì ńlá ni ó wà, nítorí ní gíà kẹrin agbára gba ibẹ̀ kọjá tààrà láìgba ara eyín ìsàlẹ̀. Bí ó bá dún bákan náà nínú gbogbo gíà ní ìwọ̀n eré kan náà, ẹ wá a lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì ńlá. Èyí tí ń hu nígbà tí a bá tẹ iná, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀, dífù ni ó sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ń kùn bí ọlọ, tí ó ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín kù bí ọkọ̀ bá yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì, bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ táyà ni. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí gíà kò sí nínú iṣẹ́, tí ariwo sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́ríǹgì kílọ́ọ̀ṣì ni. Bí ó bá jẹ́ pé títẹ̀ ẹ́ ni ó mú kí ariwo dákẹ́, bẹ́ríǹgì iwájú nínú gíábọ́ọ̀sì ni.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré sókè tí ọkọ̀ kò sì gun òkè, tí òórùn ìjóná ń jáde, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Bí gíà ẹ̀yìn bá ń lọ̀ kí ó tó wọlé, kílọ́ọ̀ṣì kò tú dáadáa. Ẹ wo omi bíréèkì inú agolo kílọ́ọ̀ṣì, bóyá ó ti jò tán, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú kò bá fà

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, họ́ọ̀bù kan wà ní àárín táyà iwájú tí a ń fi ọwọ́ yí láti so táyà mọ́ ṣáàfù tàbí láti tú u. Awakọ̀ lè fa ọ̀pá gíà ẹsẹ̀ mẹ́rin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí kò bá yí họ́ọ̀bù méjèèjì, ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa fà á nínú ẹrẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Bí họ́ọ̀bù bá wà ní títì tí kò sì fà síbẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ títẹ́jú, ẹ tú họ́ọ̀bù méjèèjì, kí awakọ̀ fi gíà ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, kí ó sì wakọ̀ síwájú díẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Kí ẹnìkan dúró jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó máa wo pòpẹ́là iwájú. Bí ó bá ń yí, gíábọ́ọ̀sì kejì ń ṣiṣẹ́, àìsàn wà ní dífù iwájú, ní ṣáàfù tàbí ní họ́ọ̀bù. Bí kò bá yí, ọ̀pá gíà tàbí gíábọ́ọ̀sì kejì ni. Ẹ má ṣe dán èyí wò pẹ̀lú táyà kan lórí jáàkì.

Ẹ má sì fi gíà ẹsẹ̀ mẹ́rin sáré lórí ọ̀nà ọlọ́dà láti Ifọ́n sí Ọ̀wọ̀. Ní kọ́nà, táyà iwájú ń rin ọ̀nà tí ó jìn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀ táyà yóò yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà kò lè yọ̀, gbogbo irin náà yóò sì máa lọ́ mọ́ra wọn títí ọ̀pá gíà kò fi ní jáde mọ́. Ẹ má ṣe fi òòlù lù ú. Ẹ fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀ ní ọ̀nà tààrà, tàbí kí ẹ gbé e bọ́ sórí yanrìn, yóò tú fúnra rẹ̀. Táyà tuntun níwájú pẹ̀lú táyà tí ó ti pá lẹ́yìn ń ṣe irú ìbàjẹ́ yìí gan-an. Land Rover tí ó jáde láti ọdún 1983 tí a ń pè ní One Ten, àti Defender tí ó tẹ̀lé e, yàtọ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ń fà nígbà gbogbo, títì àárín nìkan ni a ń fi ọ̀pá ṣe. Bí irú èyí bá kọ̀ tí kò lọ rárá nígbà tí gíà wọlé, ẹ ti àárín rẹ̀. Bí ó bá lọ lẹ́yìn náà, pòpẹ́là tàbí ṣáàfù kan ni ó já. Ẹ rọra wà á délé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́.

Ọ́ìlì àti omi odò

Nígbà tí ásù gbígbóná bá wọ inú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sún kì. Bí amọ̀ bá ti dí ihò èémí tí ó wà lórí ásù, omi ni yóò fà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ìdí ṣáàfù. Ọ́ìlì tí omi bá ti wọ̀ máa ń funfun bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti la ìṣàn odò tí ó jin dé ásù kọjá, ẹ yẹ ọ́ìlì dífù méjèèjì àti ti gíábọ́ọ̀sì wò. Bí ó bá ti funfun, ẹ dà á nù ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì nu ihò èémí mọ́. Ojú ihò ẹ̀gbẹ́ ni ọ́ìlì tuntun gbọ́dọ̀ kún dé. Ọ́ìlì gíà 90 ni Land Rover àtijọ́ ń lò nínú dífù. Àjẹkù ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí àwọn kan ń dà sí i kò dára tó fún eyín rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin kíkúnná lára ìdérí kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún irin tí ó ṣe é fi ìka mú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò nílé.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kan fún ọkọ̀. Kí ó kọ ọjọ́, iye máìlì tàbí kìlómítà tí ó ti rìn, irú ariwo, gíà tí ó wà nígbà tí ó dún, bóyá ọkọ̀ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, àti irú ọ́ìlì tí a dà sí i. Ẹ fi ojú ìwé náà han mẹkáníìkì kí ó tó mú sípánà, kí ẹ sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé irin àtijọ́ tí ó bá yọ yóò padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí a tó san owó.